Sí Ààrẹ Bassirou Diomaye Faye: bọ́ǹbù abẹ́lẹ̀ Casamance kò fọwọ́ sí ìwé kankan

Ọlọ́lá Jùlọ, Ààrẹ Orílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gàl,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ sì kú ìnira ipò. Èmi kì í ṣe ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl. Ọmọ Yorùbá láti Nàìjíríà ni mí, a sì jọ wà nínú ECOWAS kan náà. Ohun tó jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ ogun ìyapa Casamance, agbègbè gúúsù orílẹ̀-èdè yín, ni pé ìlú tèmi náà ti ja ogun ìyapa rí, láti 1967 dé 1970, mo sì mọ̀ pé ogun tí wọ́n kéde lórí rédíò pé ó ti parí lè má tíì parí lára ẹni tó jà á. Ogun tiwa lo ọdún méjì àbọ̀. Ti Casamance ti lé ní ogójì ọdún. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejìlá 1982, ẹ̀yin fúnra yín kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀, mo sì fẹ́ sọ ọ́ kí n tó rojọ́ kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ohun mẹ́ta ni kí ẹ gbé kúrò lórí tábìlì ìdúnàádúrà: híhú bọ́ǹbù abẹ́lẹ̀, pípadà àwọn ará abúlé sílé wọn, àti ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n gbé lọ tí ẹnikẹ́ni kò rí mọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa dúró de ọjọ́ tí gbogbo ẹ̀ka MFDC, ẹgbẹ́ tó ń jà kí Casamance lè dá dúró, yóò fọwọ́ síwèé pa pọ̀. Ọjọ́ yẹn lè má dé nígbà ayé ẹnikẹ́ni nínú wa.

Kì í ṣe èpè. Ẹ jẹ́ ká wo ìwé tó ti wà nílẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 1991, wọ́n fọwọ́ sí ti Cacheu ní Guinea-Bissau. Ní oṣù keje 1993, wọ́n tún fọwọ́ sí òmíràn. Nígbà tí Abdoulaye Wade gorí àléfà ní 2000, ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ló ní òun máa fi yanjú ẹ̀. Ó lo ọdún méjìlá, ó sì fi í sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe bá a fún Macky Sall. Ní àkókò Wade yìí kan náà, wọ́n fọwọ́ sí ìwé méjì láàrin ọ̀sẹ̀ kan ní oṣù kẹta 2001, wọ́n sì tún fọwọ́ sí èyí tó lókìkí jù lọ ní Ziguinchor ní ọjọ́ 30 oṣù kejìlá 2004, tí Fáda Augustin Diamacoune Senghor, aṣáájú MFDC, fúnra ẹ̀ jókòó tó fi gègé tẹ ìwé. Ní oṣù kìíní 2007, Fáda kú ní Paris. Sall gba ọ̀nà Róòmù lọ, lọ́dọ̀ àwọn ará Sant'Egidio, ẹgbẹ́ Kátólíìkì kan tó máa ń làjà. Ní oṣù kẹjọ 2022, ẹ̀ka César Atoute Badiate gbà ní Bissau pé àwọn á gbé ìbọn sílẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2023, nǹkan bí 250 ajagun ẹ̀ka Diakaye kó tiwọn sílẹ̀ ní Mongone. Ní oṣù kejì 2025, Ousmane Sonko, tó ti ṣe mẹ́yọ̀ Ziguinchor rí, lọ sí Bissau gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọba yín, àdéhùn tuntun sì tún jáde. Ẹ̀ka Salif Sadio kò sí níbẹ̀.

Bí mo ṣe to gbogbo wọn sílẹ̀ yìí, kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwé tó bá dá ìbọn dúró fún oṣù mẹ́fà pàápàá ti gba ẹ̀mí là. Àmọ́ ohun kan wà tí àwọn tó ń ṣe àdéhùn kì í fẹ́ sọ síta: gbogbo ìgbà tí ìjọba bá bá ẹ̀ka kan fọwọ́ síwèé ni ẹ̀ka tuntun ń yọ jáde. Àdéhùn 1991 ló pín MFDC sí Àríwá àti Gúúsù. Sidy Badji, ọ̀gá àwọn ajagun MFDC, àti àwọn tiẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́ sí agbègbè Bignona, àwọn tó kù ní ó ti tà wọ́n, wọ́n sì wọ igbó lọ sí ẹnu ibodè Guinea-Bissau. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá tẹ ìwé ni wọ́n ń fi ojú ọ̀dàlẹ̀ wò. Tí àlàáfíà bá jẹ́ iye ìbúwọ́lùwé tí ẹ kó jọ, a jẹ́ pé ẹ̀yin àti àwọn tó wà nínú igbó yóò máa lé ara yín yí igi ká ni.

Mo fẹ́ kí àwọn tí wọ́n ń ka lẹ́tà yìí ní ilẹ̀ Yorùbá mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú sùúrù fún mi tí mo bá ń sọ ohun tí ẹ mọ̀ jù mí lọ.

Casamance jìnnà sí Dakar ju bí máàpù ṣe fi hàn lọ. Gáḿbíà ló là á láàrin. Àwọn Pọtogí ló tẹ Ziguinchor dó ní 1645, ọdún 1886 ni wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti fi í fún Faransé. Gẹ̀ẹ́sì ní tiẹ̀ ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ odò Gáḿbíà, kò dìde. Bí òyìnbó mẹ́ta ṣe pín in nìyẹn, tó fi di pé ará Ziguinchor tó bá fẹ́ lọ sí olú-ìlú tirẹ̀ gbọ́dọ̀ gba orílẹ̀-èdè ẹlòmíràn kọjá, tàbí kó fi ọ̀nà yí po gba Tambacounda, tàbí kó wọ ọkọ̀ ojú omi. Di òní olónìí, ará Casamance tó bá ń lọ sí Dakar á sọ pé, "Mò ń lọ sí Sẹ̀nẹ̀gàl." Ó dá mi lójú pé ẹ ti gbọ́ ọ rí. Inú máa ń bí àwọn kan nílé ìjọba tí wọ́n bá gbọ́ ọ, bíi pé ọ̀tẹ̀ ni. Lójú tèmi, ọ̀nà lásán ni wọ́n ń ṣàpèjúwe.

Lẹ́yìn òmìnira, òfin ilẹ̀ ti 1964 dé, ó sọ ilẹ̀ tí kò bá ní ìwé di ohun tí ìjọba ń ṣàkóso. Nínú ìlú Ziguinchor, wọ́n gé ilẹ̀ onílẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣòwò tó wá láti àríwá. Lójú ọmọ Jola, ẹ̀yà kan ní Casamance, tí baba ńlá rẹ̀ ti fi ọwọ́ mọ odi amọ̀ yí oko ìrẹsì ká, ìwé wo ló tún kù tí wọ́n ń béèrè? Ní oṣù kìíní 1980, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Djignabo ní Ziguinchor fẹ̀hónú hàn, ìbọn pa ọ̀kan nínú wọn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá 1982, èrò tú síta nílùú kan náà, wọ́n já àsíá Sẹ̀nẹ̀gàl wálẹ̀, wọ́n ta aṣọ funfun sípò rẹ̀. Wọ́n ti gbé Fáda Diamacoune ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Nígbà tí wọ́n tún jáde ní oṣù kejìlá 1983, ọ̀pọ̀ ti mú ọ̀kọ̀ àti ọfà dání, ìbọn ni wọ́n sì bá pàdé lójú títì. Igbó ló kàn.

Fáda ní tiẹ̀ gbà pé Casamance kò fìgbà kan jẹ́ ara Sẹ̀nẹ̀gàl, pé Faransé ni yóò jẹ́rìí. Wọ́n pe Faransé wá jẹ́rìí lóòótọ́. Jacques Charpy, akówèépamọ́ ará Faransé, yẹ ìwé wò, ó sì dáhùn ní ìparí 1993 pé rárá, Casamance kò dá dúró gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ọ̀tọ̀ lábẹ́ Faransé kó tó di ara Sẹ̀nẹ̀gàl. Dakar yọ̀. Èmi náà rò pé Charpy tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: ìbéèrè méjì ni Casamance béèrè, ọ̀kan nípa ìtàn, ọ̀kan nípa ilẹ̀. Ìjọba dáhùn èyí tó rọrùn, ó ṣe bí ẹni pé òun ti dáhùn méjèèjì.

Ilẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí a lọ dúró sí díẹ̀.

Odò Casamance kì í ṣe odò tí omi rẹ̀ dùn. Omi òkun máa ń wọ inú rẹ̀ lọ jìnnà réré, oòrùn á tún fa omi kúrò, iyọ̀ á ṣẹ́ kù. Kí ìrẹsì tó lè hù létí odò bẹ́ẹ̀, àfi kí èèyàn kọ́kọ́ dènà omi iyọ̀. Ohun tí àwọn Jola ti ń ṣe láti ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún nìyẹn. Wọ́n á mọ odi amọ̀ gígùn láàrin odò àti àkùrọ̀, wọ́n á fi igi oníhò gba inú rẹ̀ kí wọ́n lè máa ṣí i, kí wọ́n sì máa tì í, wọ́n á wá jẹ́ kí òjò fọ iyọ̀ tó wà nínú ilẹ̀ jáde. Ọkùnrin ló ń fi kajando yí ilẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ kajando, igi gígùn ni, ó ju ènìyàn lọ ní gígùn nígbà mìíràn, ojú rẹ̀ fẹ̀, irin sì wà létí ẹnu rẹ̀. Wọn kì í gbé e sókè bí a ṣe ń gbé ọkọ́, títì ni wọ́n ń tì í wọ abẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n á fi ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn dojú amọ̀ dé. Obìnrin ló ń lọ́ ìrẹsì, tí wọ́n tẹ̀ ba nínú omi láti àárọ̀.

Odi yẹn kì í dúró fúnra rẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún un ṣe. Tí abúlé bá sá, tí kò sí ẹni tó di ihò tí alákàn gbẹ́, omi á já odi, iyọ̀ á sì wọlé. Iyọ̀ tó bá wọ àkùrọ̀, òjò ọdún kan kò lè fọ̀ ọ́ tán. Bí ilẹ̀ náà bá tún gbẹ, á kan. Ìrẹsì tí wọ́n bá gbìn síbẹ̀ á pupa, á kú. Ẹ ó rí i pé abúlé tó bá sá fún ogún ọdún kò fi oko sílẹ̀ sí ipò tó wà. Ilẹ̀ náà ń bàjẹ́ lọ ní gbogbo ìgbà tí àwọn àgbà ń jókòó ní Róòmù, ní Bissau, ní Dakar. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ziguinchor fún ìdílé tó sá wá láti ẹ̀gbẹ́ Nyassia tàbí Boutoupa-Camaracounda kò mọ bí wọ́n ṣe ń di odi. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ń darúgbó. Àwọn àjọ aṣèrànwọ́ máa ń dárúkọ 60,000 ènìyàn tí ogun náà lé kúrò nílé nígbà tó le jù. Àwọn kan ti padà. Àwọn tó fẹ́ padà tí wọn kò lè padà, bọ́ǹbù abẹ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bẹ̀rù.

Láti 1988 ni bọ́ǹbù yìí ti ń ṣe ará Casamance léṣe. Àwọn tó ti fara gbá a ju 800 lọ, òkú àti aláàyè. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀: obìnrin kan lọ ṣẹ́ igi ìdáná, tàbí ó lọ ṣa kaṣú lábẹ́ igi tí ìdílé rẹ̀ gbìn, ewé gbígbẹ bo ilẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ síwájú. Èyí tó kéré jù nínú àwọn bọ́ǹbù náà kò ju agolo mílíìkì lọ, wọn kò sì ṣe é láti pa ènìyàn. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ṣe é láti gé, kí ẹlòmíràn lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti máa gbé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gé. Bó bá jẹ́ ọmọdé ló tẹ̀ ẹ́, wàhálà kò tán lọ́jọ́ tí wọ́n fún un ní ẹsẹ̀ igi. Eegun ọmọ ń dàgbà, ẹsẹ̀ igi kì í dàgbà. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ rẹ̀ fún un títí yóò fi di géńdé, ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wá owó ọkọ̀ lọ sí Ziguinchor, iṣẹ́ abẹ mìíràn sì lè wà láàrin rẹ̀ nítorí pé eegun ń yọ jáde.

Sẹ̀nẹ̀gàl ti wà nínú Àdéhùn Ottawa tó fi òfin de bọ́ǹbù abẹ́lẹ̀ láti 1998. Ó yẹ kí ẹ ti hú gbogbo rẹ̀ tán ní 2009. Ìjọba tọrọ àfikún àkókò, ó di 2016. Ó tún tọrọ, ó di 2021. Ó tún tọrọ, ó di 2026. Mi ò sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ CNAMS, àjọ ìjọba tó ń bójú tó híhú bọ́ǹbù, ní Ziguinchor kò ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ewu ni wọ́n ń ṣe, lórí ìkúnlẹ̀, pẹ̀lú irin tín-ín-rín. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n ń wá bọ́ǹbù sí kò tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí a bá fi wé ti Àǹgólà. Ohun tó dá iṣẹ́ náà dúró kì í ṣe títóbi ilẹ̀. Wọ́n so ó mọ́ ìdúnàádúrà ni.

Ẹ rántí oṣù karùn-ún 2013. Àwọn 12 tó ń hú bọ́ǹbù fún ilé iṣẹ́ Mechem ti South Africa ni ajagun ẹ̀ka César gbé lọ. Wọ́n kọ́kọ́ fi àwọn obìnrin sílẹ̀, àwọn tó kù lo nǹkan bí oṣù méjì. Kí ló bí wọn nínú? Àwọn tó ń hú bọ́ǹbù ti ń sún mọ́ ibi tí àwọn ajagun ń gbé. Bọ́ǹbù yẹn ni odi tiwọn. Lójú wọn, ẹni tó ń hú u ń ṣílẹ̀kùn fún ṣọ́jà. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ híhú ti di ohun tí àwọn méjèèjì ń fi dúnàádúrà: ẹ fún wa ní èyí, a ó jẹ́ kí ẹ hú ìyẹn. Ẹni tó sì fẹ́ ṣa kaṣú kò sí lórí ìjókòó.

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀gágun yín yóò sọ. Wọ́n á ní tí kò bá sí àdéhùn, kò sí ààbò fún ẹni tó ń hú bọ́ǹbù. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ibi ló rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejì 2021, ilé iṣẹ́ ológun fúnra rẹ̀ kéde pé ọwọ́ òun ti tẹ ibùdó MFDC ní Boussouloum, Bouman àti Badiong, lẹ́bàá ibodè Guinea-Bissau. Ní oṣù kẹta 2022, wọ́n kéde irú rẹ̀ lápá àríwá, sí Salif Sadio. Ibi tí ṣọ́jà bá lè gbé àsíá ró sí tí wọ́n sì lè ya fọ́tò, ó yẹ kí ẹni tó ń hú bọ́ǹbù lè kúnlẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀ka Badiate àti ti Diakaye ti gbà láti fi ìbọn sílẹ̀: kí ni kò jẹ́ kí a lè bi wọ́n lónìí, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, pé ibo ni ẹ rì í sí? Wọn kò ya máàpù, gbogbo wa la mọ̀. Orí ènìyàn ni máàpù náà wà, orí ènìyàn sì ń gbàgbé, ó sì ń kú. Ọ̀gbàrá máa ń wọ́ bọ́ǹbù kúrò níbi tí wọ́n rì í sí. Ìmọ̀ tí ẹ lè rí gbà lọ́dún yìí lè má wúlò mọ́ tó bá di ọdún mẹ́wàá sí i.

Ẹ ṣe òfin kékeré kan pé ẹnikẹ́ni tó bá fi ibi tí bọ́ǹbù wà hàn, ẹnikẹ́ni kò ní fi ìyẹn pè é lẹ́jọ́, yálà ó ti fọwọ́ síwèé tàbí kò tíì fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kó lè gba ọwọ́ ẹlòmíràn sọ ọ́. Geneva Call, àjọ kan láti Switzerland, ti ń bá àwọn ẹ̀ka MFDC sọ̀rọ̀ lórí bọ́ǹbù láti ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn obìnrin tó ń bọ igbó mímọ́, tí wọ́n ń pè ní Usana, máa ń wọ ibi tí aṣojú ìjọba kò lè wọ̀. Àwọn ajagun tó ń bú gómìnà á dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn. Ìgbà wo ni àwọn obìnrin yẹn jókòó gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ní ohùn, tí kì í ṣe ẹni tó wá jó nígbà ìfọwọ́síwèé?

Ní ti àwọn tí wọ́n gbé lọ: àwọn Yorùbá ní aṣegbé kan kò sí, àṣepamọ́ ló wà. Ní àwọn ọdún 1990, ṣọ́jà àti agbófinró mú ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Casamance, tí wọn kò padà wálé. Amnesty International kọ èyí síta ní 1998, Dakar sì bínú. Àwọn tó wà nínú igbó náà pa àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé wọ́n ń ta ìròyìn. Òfin ìdáríjì ti jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, òfin yẹn sì ran àwọn tó ṣiṣẹ́ ibi lọ́wọ́ láti sùn. Opó kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ ológun ní ọdún 1997 kò lè ṣòpó, kò lè fẹ́ ẹlòmíràn, kò lè yí orúkọ ilẹ̀ padà, nítorí pé lórí ìwé, ọkọ rẹ̀ kò tíì kú. Èyí kò gba ìdúnàádúrà kankan. Ìjọba ló ni ìwé ìforúkọsílẹ̀, ìjọba ló ni ilé ẹjọ́. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin mọ ohun tí ìnira ọ̀nà Casamance lè fà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án 2002, ọkọ̀ ojú omi Le Joola kúrò ní Ziguinchor, ó ń lọ Dakar. Ọkọ̀ náà kò yẹ kó gbé tó 600. Ó dojú dé ní òru níwájú etíkun Gáḿbíà. Iye tí ìjọba kà ní òkú jẹ́ 1,863. Àwọn 64 péré ló yè. Kí ló dé tí gbogbo wọn rọ́ sínú ọkọ̀ kan? Ojú títì kún fún ìdènà àti adigunjalè, Gáḿbíà sì ní pọ̀ntù, ọkọ̀ tó ń gbé mọ́tò sọdá odò, tí ó ń dúró nígbà tó bá wù ú. Àwọn tó kú nínú omi yẹn kò sí nínú iye òkú ogun. Èmi kì í yọ wọ́n kúrò nínú rẹ̀. Afárá Farafenni lórí odò Gáḿbíà tí wọ́n ṣí ní 2019 ti tú nǹkan díẹ̀ sílẹ̀, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí rògbòdìyàn bẹ́ lórí ẹjọ́ Sonko ní oṣù kẹfà 2023, ìjọba ìgbà náà dá ọkọ̀ ojú omi Ziguinchor dúró, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó ye mi pé ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe é. Ẹ̀wọ̀n lẹ wà fún púpọ̀ nínú àkókò yẹn. Ẹ ṣòfin kí ẹnikẹ́ni má lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìdí mìíràn wà tí mo fi ní kí ẹ má gbé gbogbo ẹrù lé àdéhùn. Àwọn aládùúgbò tó ń ṣe alárinà yín, ilé tiwọn náà kò dúró. Ọ̀rọ̀ ìbọn tó ń lọ sọ́wọ́ MFDC wà lára ohun tó dá ogun abẹ́lé Guinea-Bissau sílẹ̀ ní 1998, tí ṣọ́jà Sẹ̀nẹ̀gàl sì wọ̀ ọ́. Embaló, ààrẹ Guinea-Bissau tó ṣe onílé fún àdéhùn 2022 àti ti 2025, ológun yẹ àga mọ́ ọn nídìí ní oṣù kọkànlá 2025. Ní Gáḿbíà, ọ̀pọ̀ ọdún ni Ààrẹ Yahya Jammeh fi jókòó sí Kanilai, ní ẹ̀gbẹ́ ibodè, tó ń ṣe bí bàbá ìsàlẹ̀ fún àwọn tó wà nínú igbó; ọdún 2017 ló lọ. Síbẹ̀ náà, ní oṣù kìíní 2022, àwọn ti Sadio pa ṣọ́jà Sẹ̀nẹ̀gàl mẹ́rin, wọ́n sì mú méje, lórí iṣẹ́ ECOWAS ní Gáḿbíà. Igi vène tí wọ́n ń gé nínú igbó Casamance, tó ń gba Gáḿbíà lọ sí Ṣáínà, wà nínú ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ náà ni igbó mímu. Ajagun tó bá rí owó nínú igi kò ní kánjú fọwọ́ síwèé, ẹ̀ka ìjọba tó bá rí owó níbẹ̀ náà kò ní kánjú. Ní oṣù kìíní 2018, wọ́n pa ọkùnrin 14 tó lọ ṣẹ́ igi nínú igbó Boffa Bayotte.

Ẹ ó máa bá Salif Sadio sọ̀rọ̀ nìṣó, mo mọ̀. Ẹ ṣe é. Bó bá wá, kó wá. Bí kò bá wá, ẹ má fi abúlé dúró dè é. Ọkùnrin kan nínú igbó Sindian kò yẹ kó máa pinnu bóyá ìyá arúgbó kan ní ẹ̀gbẹ́ Nyassia yóò rí àkùrọ̀ rẹ̀ kó tó kú. Ó dá mi lójú pé nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tó kù nínú igbó bá rí i pé abúlé tiwọn ti padà, tí ìyá wọn ń lọ́ ìrẹsì, tí kò sí ẹni tó ta ilẹ̀ baba wọn ní púlọ́ọ̀tì, ọ̀rọ̀ tí Sadio yóò máa sọ fún wọn lálẹ́ á túbọ̀ nira. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó kéré tán, a ó ní ìrẹsì.

Ẹ ti gbé ètò kan jáde ní orúkọ yín fún Casamance ní 2024, tó ní pípadà àti àtúnkọ́ nínú. Ó dára. Ohun tí mo ń béèrè rọrùn láti fi kún un. Òjò Casamance ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà. Kí ẹ jẹ́ kí CNAMS lẹ orúkọ abúlé mọ́ ilé àwọn alákòóso agbègbè gbogbo ní oṣù kẹrin ọdọọdún, láti Mpack títí dé Djibidione: èyí tí ilẹ̀ rẹ̀ ti mọ́, èyí tí wọ́n ń hú lọ́wọ́, èyí tí wọn kò tíì dé àti ìdí tí wọn kò fi tíì dé. Kí wọ́n kọ ọ́ ní Jola, ní Mandinka, ní Wolof, kí wọ́n sì kà á lórí rédíò Ziguinchor fún ẹni tí kò lè kàwé. Kí wọ́n fi iye kajando àti iye igi ìdènà omi tí ìjọba fún abúlé kọ̀ọ̀kan sí ìsàlẹ̀. Kí àwọn ará abúlé sì ní àyè láti kọ́wọ́ sí i pé irọ́ ni, tó bá jẹ́ irọ́.

Mo ń retí èyí àkọ́kọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ ECOWAS kan láti Nàìjíríà